Ta Ló Ní Kí Dírọ́ọ̀mù Lọ Sinmi?

Láyé ọjọ́sí, bí ẹ̀rọ fọ́tókópì bá dákú ní ọ́fíìsì kan ní Ìta Tinúbú l'Ékòó, etí ni ẹnjiníà kọ́kọ́ máa ń dẹ sí i. Á ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó ṣe ẹyọ kan, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á dijú. Ó ń gbọ́ bóyá eyín gíà kan ti jẹ, bóyá rólà tó ń fa pépà ń yọ̀, bóyá fáànù ẹ̀yìn ti dákẹ́. Lónìí, gíláàsì pẹlẹbẹ tó wà níwájú ẹ̀rọ ni gbogbo wa jọ ń wò, oníbàárà, ọmọ iṣẹ́, àti ọ̀gá fúnra rẹ̀. Gíláàsì á kọ nọ́ńbà kan jáde, á ní dírọ́ọ̀mù, rólà tó ń gbé àwòrán ìwé sórí pépà, ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Dírọ́ọ̀mù ọ̀hún lè máa dán yinrin, kó má ní ìhá kan lára. Wọ́n ti ní ó kú, òkú ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. N ò ṣàárò ẹ̀rọ àtijọ́. Ó wúwo, ó ń rùn, ẹ̀dà rẹ̀ sì máa ń ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí òjò bá ti ń rọ̀. Ẹni tó ń wò ó ni mo ń ṣàárò: èèyàn ẹlẹ́ran ara tó máa gbé páàtì sókè síbi ìmọ́lẹ̀, tó máa yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, kó tó wí pé, "Eléyìí ṣì máa tó oṣù mẹ́ta sí i," tàbí, "Ẹ lọ wá òmíràn rà."

Kò yani lẹ́nu pé agbègbè yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ìwé ti gbilẹ̀. Ìta Tinúbú, tí wọ́n fi sọrí Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó ní 1856, tó sì lọ di ìlú-mọ̀ọ́ká l'Abẹ́òkúta títí tó fi kú ní 1887, ti jẹ́ ojúko ìwé láti ayé àwọn òyìnbó. Ilé ẹjọ́ ìjọba amúnisìn wà níbẹ̀ kí wọ́n tó wó o, kí gbàgede Òmìnira lè rí àyè. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé láàárín wa ló fi ìsun omi àárín rẹ̀ ta Nàìjíríà lọ́rẹ nígbà òmìnira ní 1960. Báńkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1959, ó sì fìdí kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Títì Broad lọ síhìn-ín, Márínà wà nísàlẹ̀, ilé ìfowópamọ́, ilé adójútòfò, ọ́fíìsì lọ́yà àti ti àwọn tó ń bá ènìyàn gba ẹrù ní Apápá, gbogbo wọn fún mọ́ra wọn.

Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń bí ìwé: ìwé ìpẹ̀jọ́, ìwé ìbúra, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹrù. Gbogbo ìwé sì ń fẹ́ ẹ̀dà. Kí fọ́tókópì tó dé, kábọ́ọ̀nù ni àwọn tó ń tẹ tápúràítà ń fi sáàárín pépà. Ẹ̀dà kẹrin á ti máa rí fúrúfúrú, ẹ̀dà karùn-ún á di ká máa méfò. Bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ni wọ́n ń wá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí sítẹ́ńsù, wọ́n á dè é mọ́ ẹ̀rọ Gestetner, wọ́n á máa yí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kì í kúkú bàjẹ́ tán. Òróró, àkísà àti sùúrù ló ń fẹ́, àti ẹ̀wù tí kò dun olówó rẹ̀ bí íńkì bá ta sí i. Ricoh ti ilẹ̀ Japan ló wá ra ilé-iṣẹ́ Gestetner ní 1995, nítorí náà bí ẹ bá rí Ricoh aláwọ̀ mẹ́rin lónìí ní títì Broad, ẹ kí i dáadáa, àna àwọn bàbá wa ni.

Chester Carlson, ará Amẹ́ríkà kan, ló wá ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1938, nínú yàrá kan ní Astoria, New York, ó gbé ọ̀rọ̀ láti ojú gíláàsì sórí pépà pẹ̀lú ìyẹ̀fun gbígbẹ àti agbára iná, irú iná tó máa ń mú irun ara dìde nígbà ọyẹ́ tí èèyàn bá ń bọ́ súwẹ́tà. Kò lo omi íńkì rárá. Ó di 1959, ọdún kan náà tí Báńkì Àpapọ̀ wa ṣílẹ̀kùn, kí Xerox 914 tó jáde sọ́jà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ọ̀ọ́dúnrún kílò, ẹ̀dà méje ló ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan, pépà sì máa ń gbiná nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, débi pé wọ́n ń fi ohun èlò apaná kékeré kún un, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ mìíràn kí àyà oníbàárà má bàa já. Háyà ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń háyà rẹ̀, dọ́là 95 lóṣù. Òǹkà kan wà lára rẹ̀ tó ń ka iye ẹ̀dà, kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n máa gbà kún un. Òǹkà yẹn ni baba ńlá gbogbo òǹkà tó ń yọ wá lẹ́nu báyìí. Owó nìkan ló kúkú ń kà nígbà náà, kò ka ọjọ́ ikú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi di ohun tí a ń rí ní àwọn ọ́fíìsì ńlá tó yí Tinúbú ká, láyé owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970, ẹnjiníà fọ́tókópì ti di èèyàn pàtàkì. Táì lọ́rùn, àpótí aláwọ lọ́wọ́. Mẹ́sẹ́ńjà á sáré gba àpótí, akọ̀wé àgbà á ní kí wọ́n gbé àga wá. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ ṣáájú rẹ̀. Káàdì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Á kọ ọjọ́ sí i, á kọ ohun tí òǹkà kà, á kọ ohun tó nù, ohun tó yí, ohun tó pààrọ̀, á wá fọwọ́ sí i. Ẹlòmíràn tó bá dé lóṣù tó ń bọ̀, káàdì yẹn ni yóò kọ́kọ́ kà. Ọ̀rọ̀ ń lọ láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì.

Iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni. Wáyà tín-ín-rín kan wà tó máa ń na kọjá lókè dírọ́ọ̀mù láti fún un ní iná. Bí eruku bá dì mọ́ ọn, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín ìwé lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnjiníà á fa wáyà náà jáde, á fi òwú àti sípíríìtì nù ún, jẹ́jẹ́, nítorí bó bá já, ọjọ́ yẹn bàjẹ́ nìyẹn. Bíléèdì rọ́bà tó ń fá ìyókù ìyẹ̀fun kúrò lára dírọ́ọ̀mù ní etí méjì; bí etí kan bá kú, àwọn tó mọ iṣẹ́ á yí i padà kí wọ́n lo èkejì. Kí wọ́n tó dá a padà, wọ́n á fi ìyẹ̀fun díẹ̀ lé e létí, kó má bàa gbẹ́ dírọ́ọ̀mù ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá yí. Dírọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ rí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ló sì ń bà á jẹ́. Bí ọ́fíìsì bá ní fèrèsé tó kọjú sí Márínà, aṣọ dúdú ni wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, bí kò bá sì sí aṣọ, ìwé ìròyìn ti ọjọ́ náà á ṣe é.

Ohun tó tún máa ń dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń ka àmì. Ká ní àmì dúdú tóótó kan ń jáde lára ìwé, tó ń tún ara rẹ̀ ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ̀ á mú rúlà, á wọn àlàfo tó wà láàárín àmì kan sí èkejì. Bí àlàfo náà bá jẹ́ 94 mílímítà, ohun kan tó nípọn tó 30 mílímítà ló ń yí ní ibi kan nínú ẹ̀rọ tó sì ní ẹ̀gbin lára, nítorí bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, 94 mílímítà pépà ló ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó kàn máa wo inú ẹ̀rọ, á wá ohun tó ní ìwọ̀n yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké, dírọ́ọ̀mù ni. Bí àlàfo bá kéré, rólà kékeré kan ni. Bó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ fíúsà, èyí tó ń fi ooru lẹ ìyẹ̀fun mọ́ pépà. Rúlà onípákó ti ọmọ iléèwé ló fi mọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó kan aláwọ̀, ohun tí gbogbo wa ń pè ní kọ́lọ̀, ọ̀rọ̀ wá di mẹ́rin. Xerox gbé ẹ̀rọ aláwọ̀ tirẹ̀ jáde ní 1973, ọdún tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn nílẹ̀ yìí. Ní 1987, Canon gbé èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà ka àwọ̀ jáde. Nínú èyí tí à ń lò báyìí, dírọ́ọ̀mù mẹ́rin ló tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́: yẹ́lò, màjẹ́ńtà tó fara jọ pupa àlùkò, sáyàànù tó fara jọ aró tí kò tíì rẹ dáadáa, àti dúdú. Bẹ́líìtì gbọọrọ kan ń kọjá lábẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ọmọ tí wọ́n gbé abọ́ lé lọ́wọ́ kó yà ní ojúlé mẹ́rin, kí oníkálukú bu tirẹ̀ sí i, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an. Pépà ni yóò wá gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣáájú tàbí tó lọ́ díẹ̀, ètè ẹni tó ya fọ́tò á kúrò lójú rẹ̀, á lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́.

Fíúsà ló kẹ́yìn, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ mú owó lọ. Ìyẹ̀fun tónà, oje ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é, ohun tó ń yọ́ bí rọ́bà. Rólà gbígbóná méjì ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà, ọ̀kan gbóná tó nǹkan bíi 180 sí 200 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì. Bí ìwé bá jáde tí ẹ fi àtàǹpàkò nu ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ tó sì parẹ́, fíúsà kò gbóná tó mọ́. Nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà níbẹ̀ dípò rólà líle, pín-ìn ìwé kan ṣoṣo sì lè ya á. Bẹ́ẹ̀ àwa ará Èkó fẹ́ràn láti fi ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n ti lò tẹ òmíràn, pín-ìn rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣì wà ní igun. Ìdí tí ọ̀pọ̀ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà fi lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ nìyẹn, ìkìlọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Àdúgbò yìí tún ní ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ẹ̀rọ aláwọ̀ tí àdúgbò mìíràn kò ní. Báńkì tó ń gbé owó jáde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó lè ya owó. Ẹ̀rù ẹ̀rọ yìí ba àwọn báńkì káàkiri ayé, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i. Ní 2002, onímọ̀ kan ní Cambridge, Markus Kuhn, rí i pé ẹ̀rọ aláwọ̀ kan kọ̀ láti ya owó ilẹ̀ Yúróòpù. Ó wá mọ̀ pé àwọn òrùka kékeré márùn-ún kan tí wọ́n tò sára owó ní ọ̀nà kan pàtó ni ẹ̀rọ náà ń rí, tó fi ń kọ̀. Ní 2005, wọ́n tún tú àṣírí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ títẹ̀ aláwọ̀ ń ta àmì yẹ́lò tín-ín-tìn-ìn-tín sára gbogbo ìwé tó bá jáde nínú wọn, èyí tí ojú lásán kò rí, tó sì ń sọ nọ́ńbà ẹ̀rọ àti àkókò tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ a máa ṣe ohun tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní kó ṣe. Ó ti wá di ẹni tó ń wojú ẹni, tó ń ṣèrántí, tó sì ń kọ̀. (Nígbà tí wọ́n gbé owó náírà tuntun jáde ní oṣù Kọkànlá 2022, àwọn ọmọ Èkó kan ń pẹ̀gàn pé wọ́n kàn rẹ ti àtijọ́ sínú aró ni. Àwọn oníṣẹ́ kọ́lọ̀ ní Ìdúmọ̀tà ni irú àwàdà yẹn yé jù.)

Ìyípadà tí mo ń rò kúkú ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di ti òrùka márùn-ún. Ní 1982, Canon gbé fọ́tókópì kékeré PC-10 àti PC-20 jáde. Ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé dírọ́ọ̀mù, tónà àti ohun tó ń fọ̀ ọ́ mọ́ wà nínú àpótí ọ̀rá kan ṣoṣo. Ó tán, ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe é kí ọ́fíìsì kékeré má baà nílò ẹnjiníà mọ́. Ọgbọ́n ńlá ni, n ò lè purọ́. Akọ̀wé tó ń dá ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè wá ní fọ́tókópì tirẹ̀ láìsí pé ó bẹ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ láti ìgbà yẹn lọ, ohun tí ojú ń yẹ̀ wò ti wọ inú àpótí, wọ́n sì ti di ẹnu rẹ̀ pa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣíípù dé, ẹ̀yà tíńtín kan tó ń rántí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara tónà àti dírọ́ọ̀mù. Ó ń ka iye ìgbà tí dírọ́ọ̀mù yí. Bí iye náà bá pé, nínú ẹ̀rọ mìíràn, ìkìlọ̀ lásán ni. Nínú òmíràn, ẹ̀rọ á dúró gbọnin, kò ní ṣe ẹyọ kan mọ́ títí ẹ ó fi ra tuntun. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tó ń kà, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Dírọ́ọ̀mù máa ń yí díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí, nítorí náà ẹni tó ń tẹ ìwé kọ̀ọ̀kan, kọ̀ọ̀kan ń gbó o kíákíá ju ẹni tó ń tẹ igba lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó yí ilé ẹjọ́ ká sì rí: ojú ewé ìbúra kan, ẹni yẹn lọ, ẹlòmíràn dé, ojú ewé kan. Ká tún fi kọ́lọ̀ kún un. Bí wọn kò bá fi ọwọ́ yàn án pé dúdú nìkan ni, ẹ̀rọ á rí òǹtẹ̀ búlúù kékeré tí wọ́n lù sísàlẹ̀ ìwé, á ní kọ́lọ̀ ni, á jí dírọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ nítorí òǹtẹ̀ kan. Ẹnjiníà àtijọ́ tó bá rí irú èyí á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ báyìí ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn títì Nnamdi Azikiwe, tó fẹ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́nu ọ̀nà:

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tí ojú gbogbo àwọn tó wá tẹ fọ́tò ń yọ gíríìnì?"

"Màmá, ẹ kú ìjókòó. Màjẹ́ńtà yín ló ń rẹ̀ lọ."

"Ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ fún mi ni?"

"Tónà la pààrọ̀ nígbà yẹn, Màmá. Dírọ́ọ̀mù ni mò ń sọ. Ẹ wò ó, òun náà ló kọ ọ́ síbí yìí."

"Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká fojú wò ó ná."

"Bí a bá fojú wò ó, kò ní kó ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ ṣíípù tuntun ni."

Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn fún gbólóhùn kan tó sọ: ká fojú wò ó ná. Ọ̀nà àtijọ́ ló fi ń ronú, kò sì ti ibì kankan kọ́ ọ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo ti sọ pé ayé àtijọ́ kò dùn tó bí a ṣe ń rántí rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1982, ìjọba Ṣàgàrí fi òfin de ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè, ìwé àṣẹ láti kó ọjà wọlé wá di ohun tí èèyàn ń bẹ ènìyàn fún. Títí di 1986 tí wọ́n fagi lé ètò ìwé àṣẹ yẹn, ọ́fíìsì lè dúró oṣù púpọ̀ kó tó rí rólà kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ̀rọ tó ná wọn lówó gọbọi á wà ní igun, wọ́n á fi aṣọ bò ó. Ẹnjiníà á wá fi ìwé yanrìn fẹ́lẹ́ ha ojú rólà tó ti yọ̀ kí ó lè tún fa pépà, á já páàtì lára ẹ̀rọ tó ti kú pátápátá kó fi gba ti alààyè là. A pè é ní ọgbọ́n, ọgbọ́n ni lóòótọ́, àmọ́ àìrí ló bí i. Kọ́lọ̀ nígbà náà, ti àwọn ọlọ́lá ni. Ilé-iṣẹ́ apolówó ọjà lè ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi kọ́lọ̀ ya àwòrán inú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kò lè rò ó wò. Ẹ̀rọ tokunbọ̀ ló mú un dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Àwọn ọ́fíìsì òyìnbó lò ó ọdún díẹ̀, wọ́n ní ó ti gbó, wọ́n kó o sínú kọ̀ǹtéínà. Àwa la mọ̀ pé kò tíì gbó. Ṣómólú kún fún wọn, Múṣin kún fún wọn, wọ́n sì ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti páńfílẹ́ẹ̀tì òkú lé wọn lórí tọ̀sán tòru. Nítorí náà bí mo bá ń dárò, ojú àánú ni mo fi ń wo ayé ìsinsìnyí pẹ̀lú.

Àwọn ọ́fíìsì ńlá ni kò dúró. Ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Abùjá ní oṣù Kejìlá 1991, olú ilé-iṣẹ́ Báńkì Àpapọ̀ náà sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn báńkì mìíràn ń rékọjá afárá lọ sí Victoria Island. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí, báńkì 89 wọlé síra wọn, wọ́n ku 25. Àwọn yàrá tí ẹnjiníà onítáì máa ń wọ̀ di ibi tí wọ́n ń kó aṣọ àti bàtà sí, ọjà Balógun gun òkè títí dé àjà kẹta, àjà kẹrin. Àwọn tó ṣẹ́ kù ní ìdí fọ́tókópì ni àwọn oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, àti àwọn lọ́yà.

Ní ti àwọn lọ́yà, oṣù Kẹwàá 2020 ni wọ́n máa ń rántí. Ìjàngbọ̀n tó tẹ̀ lé ìbọn tí wọ́n yìn sí àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Lekki mú kí àwọn jàǹdùkú dáná sun Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìgbóṣẹrẹ́, tí kò jìnnà sí Tinúbú rárá. Àwọn ìwé ẹjọ́ tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ jóná. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ti ní ẹ̀dà tirẹ̀ nínú fáìlì ló ní nǹkan tó lè gbé wá. N ò lè ka iye irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tokunbọ̀ kan tí bíléèdì rẹ̀ ti yí padà ló ṣe é, ìlà dúdú tín-ín-rín kan sì gba àárín rẹ̀ lọ.

Lóde òní, fóònù ti gba ìdajì iṣẹ́ náà. Wọ́n á ya ìwé ní fọ́tò, wọ́n á fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tó gbà á náà kò ní tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò tán. Ilé ẹjọ́ ṣì ń fẹ́ ìwé, ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba òkèèrè ṣì ń fẹ́ ìwé, òkú sì ń kú. Ohun tó le ni owó páàtì. Kí ó tó di oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba tú okùn náírà sílẹ̀, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi 460 náírà ní ojú tíjọba. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Dírọ́ọ̀mù tó wá láti Japan wá di ohun tí ènìyàn ń to owó jọ fún.

Ìyẹn ló fà á tí ọwọ́ fi tún ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà tí kò wọ táì, tí tónà ti wọ inú èékánná wọn, ń fi ọ̀bẹ la àpótí tí Canon ti di ẹnu rẹ̀, wọ́n á da ìyẹ̀fun tó ti lò jáde, wọ́n á fi dírọ́ọ̀mù tí wọ́n rà lọ́tọ̀ láti Ṣáínà sínú rẹ̀, wọ́n á lẹ ṣíípù tuntun mọ́ ọn, ṣíípù tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ èyí tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n á tẹ àwọn bọ́tìnnì kan ní ọ̀nà tí ìwé ilé-iṣẹ́ ń pamọ́, wọ́n á dá òǹkà padà sí òdo, ohun tí wọ́n ń pè ní rísẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ọ̀kan nínú wọn tó ń fi rúlà wọn àmì lórí ìwé. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní ọ̀gá òun ni, ọ̀gá rẹ̀ náà sì kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní títì Broad. Ó fi ohun kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀, ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ náà láti ojú ewé kìíní dé òpin, gbogbo rólà àti ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀. "Mo ní i síbí," ni ó wí, "ṣùgbọ́n rúlà yá ju fóònù lọ."

Lọ́jọ́ tí màjẹ́ńtà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn Nnamdi Azikiwe wá di ohun tí wọ́n pààrọ̀, Màmá kò jẹ́ kí ẹnjiníà kó ti àtijọ́ lọ.

"Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi o."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá? Ó ti kú."

"Ẹ jẹ́ kó kú sọ́dọ̀ mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n jọ mọ̀ pé bó bá gbé e lọ, ṣíípù tuntun kan ló kù kó tà á fún ṣọ́ọ̀bù kejì. Màmá wé e sínú láílọ́ọ̀nù dúdú kí oòrùn má fọwọ́ kàn án, ó tì í sábẹ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáyàànù tí wọ́n ti sọ pé ó kú tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó iṣẹ́.